Fáìlì Kan, Ọwọ́ Mẹ́fà

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà kan yí padà lójú mi, tí n kò sì fọwọ́ kàn án. Òpó D, ìlà 18, nínú ṣíìtì ìṣirò owó kan tí àwa mẹ́fà jọ ń lò, níbi tí a kọ bí títà yóò ṣe máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún sí. 4.5% ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wò ó. Mo ṣẹ́jú báyìí, ó ti di 6%. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ sì tẹ̀lé e. Owó tí à ń retí lọ́dún kìíní gbéra, tọdún kejì gbéra jù ú lọ, nígbà tó fi máa dé ọdún karùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ ti di ohun tí èmi tí mo ti ń bá fáìlì yẹn sùn, tí mò ń bá a jí fún oṣù mẹ́ta, kò dá mọ̀ mọ́. Ìlà aláwọ̀ ewé kan yí sẹ́ẹ̀lì náà, àpótí kékeré tí nọ́ńbà yẹn wà, ká, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹnìkan wà létí rẹ̀. Kí n tó mú fóònù, ìlà aláwọ̀ ewé náà ti ṣí lọ síbòmíràn. Nọ́ńbà yẹn kò padà.

Mo fẹ́ sọ ohun tí alẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwòṣe ìṣirò ni mò ń kọ́ sínú ṣíìtì, nínú Excel nígbà mìíràn, nínú Google Sheets nígbà mìíràn. Àwòṣe kì í ṣe àkọsílẹ̀ owó. Àkọsílẹ̀ ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àwòṣe ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí àwọn àbá wa bá rí bí a ṣe rò ó. Bí títà yóò ṣe máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún, èlé orí gbèsè, iye òṣìṣẹ́ tí a máa gbà: ìwọ̀nyí wà lápá kan. Fọ́múlà wà láàárín. Èsì wà lápá kejì. Wọ́n so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ẹni tó bá fa oríkèé kan, gbogbo rẹ̀ ló fà. Ìdí nìyí tí kò fi rí bí ìgbà tí èèyàn mẹ́fà bá jọ ń kọ lẹ́tà kan. Nínú lẹ́tà, ẹni tó bá ba gbólóhùn kan jẹ́, gbólóhùn yẹn nìkan ló bàjẹ́, ojú gbogbo wa á sì rí i. Nínú àwòṣe, àṣìṣe ojú ìwé kejì lè má fara hàn títí ẹ ó fi dé ojú ìwé kẹsàn-án, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Ímeèlì la fi ń rán fáìlì kiri. Mo rántí ọ̀sán kan tí èmi àti ẹnìkejì mi jókòó, laptop tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ẹ̀dà méjì tó yàtọ̀ síra lọ́wọ́ wa, tí àwa méjèèjì sì ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lé lórí. Ó gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń ka nọ́ńbà sókè. Èmi ń wo tèmi, mo ń dáhùn pé "ó bára mu", "ó bára mu", "dúró ná". Ìlà tó lé ní irínwó. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a rí i pé a fo ìlà mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fódà àjọlò orí sáfà ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà tó ń pa fáìlì gbogbo wa mọ́, dé. Ó sàn jù, nítorí ibì kan ṣoṣo ni fáìlì wà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo náà ló lè kọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí Excel bá ti ṣí fáìlì níbẹ̀, ó máa ń dá fáìlì kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ~$. Òun ló ń sọ fún ẹni tó bá kanlẹ̀kùn pé lágbájá wà nínú ilé. Ẹni tó dé lẹ́yìn lè wò, kò lè kọ. Bí kọ̀ǹpútà lágbájá bá sì kú lójijì, fáìlì kékeré yẹn lè ṣẹ́kù síbẹ̀, kó máa dá àwa yòókù dúró nítorí ẹni tó ti lọ sílé.

Ibi tí ohun èlò yìí ti ṣẹ̀ ló fà á. Nígbà tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc, ṣíìtì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II, ẹnìkan níwájú ẹ̀rọ kan ni wọ́n ṣe é fún. Excel tó dé ní 1985 gba ọ̀nà kan náà. Ọdún 2006 ni Google gbé ṣíìtì tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn púpọ̀ lè jọ máa kọ sínú ojú ìwé kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ó di 2017 kí Excel orí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kìkì bí fáìlì bá wà lórí OneDrive tàbí SharePoint, ibi tí Microsoft ti ń báni pa fáìlì mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti VisiCalc dé ìgbà yẹn, ọdún 38 ni àwa tí kò kúrò lórí ṣíìtì orí kọ̀ǹpútà fi jẹ́ adánìkangbé kí a tó di alábàágbé. Ìwà adánìkangbé kò sì lè kúrò lára ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kan.

Ohun tó yí padà gan-an ni pé ẹ̀rọ kì í gbé odindi fáìlì lọ, kó gbé e bọ̀ mọ́. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan ló ń rán: sẹ́ẹ̀lì báyìí ti di báyìí. Bí mo bá wà ní òpó D, tí ẹ̀yin wà ní òpó K, kò sí ìjà. Bí àwa méjèèjì bá kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, tẹni tó dé kẹ́yìn ló dúró, tẹni àkọ́kọ́ á di ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ gbà wọlé kí ètò yìí tó ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ń lo fáìlì náà láti inú fódà tí ẹ̀rọ kàn ń dà kọ sórí laptop rẹ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì já fún wákàtí méjì, odindi fáìlì ló máa gbé padà wá. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, Dropbox, ọ̀kan lára àwọn tó ń da fáìlì kọ bẹ́ẹ̀, kì í pa ọ̀kan nítorí èkejì. Ó máa ń fi ẹ̀dà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, á sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ pé àwọn méjèèjì forí gbárí. Iṣẹ́ rere ló ṣe, ṣùgbọ́n ó ti dá wa padà sídìí rúlà.

Irú fáìlì náà ṣe pàtàkì. Àjọkọ, kí èèyàn púpọ̀ jọ máa kọ sínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí fún .xls, irú fáìlì Excel àtijọ́; .xlsx, .xlsm àti .xlsb ló gbà á. Mo máa ń bẹ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ká kó .xls kúrò nínú fódà wa pátápátá, kì í sì í ṣe tìtorí àjọkọ nìkan. Ìlà 65,536 péré ni .xls lè gbà, nígbà tí .xlsx ń gba 1,048,576. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Public Health England, àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, rí i pé èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn Kòrónà kò wọ inú iye tí wọ́n kéde láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Èsì tó ń wá láti ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ń dà sínú .xls, èyí tó bá sì kọjá ìlà tó kẹ́yìn ń já bọ́ láìsí ìró. Àwọn tó yẹ kí wọ́n tètè wá ẹni tó bá aláìsàn jókòó rí kò tètè gbọ́. Nígbàkígbà tí mo bá rí .xls nínú fódà, nọ́ńbà yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, nítorí èèyàn ló wà nínú àwọn ìlà tó já bọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo pe ẹni tó ni lẹ́tà méjì náà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ló kọ́ mi ní ìdajì ohun tí mo mọ̀.

"Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ìdàgbàsókè títà di 6?"

"Háà, mo kàn fẹ́ wo ibi tó máa já sí ni. Mo ti jáde níbẹ̀, mi ò séèfù o."

Òótọ́ inú wọn ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀: wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á gbìyànjú nǹkan, wọ́n á wo èsì, wọ́n á tì í láì séèfù. Títì láì séèfù ni gbogbo wa fi ń pa ohun tí a bá kọ rẹ́. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá ti wà lórí OneDrive, AutoSave, tó ń séèfù fúnra rẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó gbé orí sókè. Kódà "Save As" tí a mọ̀ ti di "Save a Copy" níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju bí orúkọ náà ṣe rí lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ yí nọ́ńbà, tó wá ń ṣe ẹ̀dà lẹ́yìn náà, ti fọwọ́ kan ojúlówó kó tó dé ibi ẹ̀dà. Ẹ̀dà ló yẹ kó ṣáájú.

A dá 4.5% padà. Mo lọ sùn. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àbúrò wa kan tó ń to ojú ewé ìpàdé ti ya àwòrán àpapọ̀ náà láàárín ìgbà tí 6% fi wà níbẹ̀. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ níbi ìpàdé, nọ́ńbà kan wà lára ògiri, òmíràn wà nínú fáìlì tí ọ̀gá àgbà ṣí sórí laptop wọn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wo ògiri, wọ́n wo laptop, wọ́n ní, "Èwo ni ká gbà gbọ́?" Àbúrò yẹn dorí kodò. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí ló kọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò ṣẹ̀. Títí dòní ó ń dùn mí, nítorí oṣù mẹ́ta tí a fi yẹ fọ́múlà kọ̀ọ̀kan wò kò já mọ́ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà wa tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń ní ká ti sẹ́ẹ̀lì pa. A ti wọ́n pa lóòótọ́: àwọn àbá ní ojú ìwé tiwọn báyìí, ẹni méjì péré ló sì lè kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn títì kò tó, nítorí ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó yẹ kí n ti rò kí a tó gbé fáìlì náà sórí OneDrive ni pé àwòṣe tí a kọ́ fún ẹnìkan kò ṣeé gbé sáàárín èrò bó ṣe rí.

Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì àṣàyàn tó máa ń wà nínú irú àwòṣe yìí. Ẹ ó kọ 1 síbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbà tí nǹkan dára, 2 fún ìgbà tó wà láàárín, 3 fún ìgbà tó burú. Fọ́múlà tí à ń pè ní CHOOSE á lọ mú àbá tó bá a mu wá, gbogbo ṣíìtì á yí sí i. Lórí laptop èèyàn kan, mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ. Lórí OneDrive, sẹ́ẹ̀lì kan náà ni gbogbo wa ń lò. Mò ń ka èsì fún ẹnìkan lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn láti yàrá kejì kọ 3, n kò tíì parí gbólóhùn mi tí mo ti bọ́ sínú ìgbà tó burú láìmọ̀. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ló fura, kì í ṣe èmi.

A fa sẹ́ẹ̀lì yẹn tu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣírò nígbà kan náà báyìí, òpó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ẹni tó ní láti yí nǹkan kan kó tó rí ohun tó ń wá. Fáìlì náà wúwo sí i, fọ́múlà rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́ta. Mo fara mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan wò ní ojú ìwé ìdánwò tirẹ̀, tó ń ka àbá láti inú ojúlówó, ṣùgbọ́n tí ojúlówó kì í ka ohunkóhun láti inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni àbá ojú ìwé ìdánwò yẹn. Wọ́n mú un wá lọ́jọ́ kejì ìpàdé, wọ́n ti yà á sórí bébà.

Fífi fílítà sẹ́ ìlà kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: Sheet View wà nínú Excel, filter views wà nínú Google Sheets, oníkálukú lè sẹ́ tirẹ̀ láì pa ìlà mọ́ ẹlòmíràn lójú. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìlànà ìṣirò Excel. Inú fáìlì tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí ló ti máa ń mú un. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá wà lórí èyí tí kì í ṣírò àfi bí a bá pàṣẹ fún un, àwòṣe tí ẹ bá ṣí tẹ̀lé e náà á dákẹ́ sórí èsì àtijọ́, ẹ̀yin á sì máa rò pé nọ́ńbà tuntun lẹ̀ ń wò.

Ọ̀rọ̀ ibi tí fáìlì ń gbé tún wà, èyí sì ti pa wá lẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹnìkan kúrò láàárín wa lọ síṣẹ́ mìíràn, òpó mẹ́rin nínú àwòṣe kan tó wà nínú Google Sheets di #REF!, àmì àṣìṣe, lójijì. Fọ́múlà IMPORTRANGE ló ń fa nọ́ńbà wọn wá láti inú ṣíìtì mìíràn, ẹni tó lọ yẹn ló sì fọwọ́ sí i pé kí méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àṣẹ náà bá a lọ. Ṣíìtì tó ń fúnni ní nọ́ńbà pàápàá wà nínú My Drive tirẹ̀ lórí Google Drive, ibẹ̀ sì jẹ́ ilé ẹnìkan, kì í ṣe ilé ẹgbẹ́. Ohun tó bá wà nínú Shared drive, ẹgbẹ́ ló ni ín. Ẹni tó kọ ọ́ lè lọ, ohun tó kọ á dúró. Ní ti Excel, líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C:\Users ni mo kọ́kọ́ máa ń wá bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní àwòṣe tuntun. Ó túmọ̀ sí pé ìdí nọ́ńbà yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnìkan ṣoṣo láyé yìí.

Mo mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti sú, tí wọ́n ti padà sí kí ẹnìkan máa dá fáìlì gbé. Mi ò bá wọn lọ. Ní 2010, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé iṣẹ́ kan jáde tó so gbèsè ìjọba tó kọjá 90% ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún mọ́ ìdàgbàsókè tó lọ sílẹ̀. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní University of Massachusetts Amherst, fẹ́ tún ìṣirò náà ṣe, kò bára mu. Ó kọ̀wé béèrè fáìlì Excel wọn, wọ́n sì fún un. Nígbà tó wo inú sẹ́ẹ̀lì ìpíndọ́gba, ìlà 30 dé 44 ni fọ́múlà kó jọ, nígbà tó yẹ kó dé 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ti bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló mú kí -0.1% tí wọ́n kéde yàtọ̀ sí 2.2% tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì rí ní 2013; ọdún tí wọ́n yọ sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe wọn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún yẹn, kò sí ẹni tó lè rí i lára ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde. Àfi ẹni tó bá ní fáìlì lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: mo fẹ́ kí ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa wọ inú àwòṣe wa.

Àwọn kan á ní, ìtàn ẹ̀dà, ibi tí ẹ̀rọ ń pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ mọ́ sí, sáà wà. Ó wà, mo sì dúpẹ́ pé ó wà. Nínú Google Sheets mo máa ń fún ẹ̀dà tí a bá gbé lọ sípàdé ní orúkọ, kí ó má bàa sọnù sáàárín àwọn yòókù. Fáìlì Excel tí a kàn gbé sórí Google Drive yàtọ̀ o: ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ lè di píparẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30 tàbí bí ẹ̀dà bá ti pé 100, àyàfi bí ẹ bá sọ fún un pé kó pa á mọ́ títí láé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìtàn ẹ̀dà á sọ ẹni tó yí nọ́ńbà fún mi, á sọ ìgbà tó yí i, á sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lè sọ ìdí. Ìdí sì ni mo fi gbé fóònù láago mọ́kànlá alẹ́.

Nítorí náà, òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àbá wa báyìí. Ohun mẹ́ta ló ń gbà: ìdí, lẹ́tà orúkọ, ọjọ́. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọ "àtúnṣe", wọ́n ń kọ "gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ", mo sì ń padà lọ bá wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, mò ń béèrè pé ta ló sọ, níbo, kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò tó to ojú ewé ìpàdé yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Kì í ya àwòrán nọ́ńbà kankan mọ́ láì ka òpó yẹn.

Láàárọ̀ àná mo ṣí fáìlì náà, mo sì lọ síbi tí ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Òpó D, ìlà 18. 4.5% ti di 4.2%. Mi ò gbé fóònù. Mo wo apá ọ̀tún rẹ̀: "Oníbàárà kan tó tóbi kò tún àdéhùn ṣe, lẹ́tà wọn wà nínú fódà. Mo ti sọ fún ẹni tó ń to ojú ewé ìpàdé." Lẹ́tà méjì ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Mo lọ ka lẹ́tà náà nínú fódà, mo fi lẹ́tà orúkọ tèmi sí i pé mo ti rí i, mo bọ́ sí ìlà 19.